Òbúkọ Tó Fẹ́ Jẹ Òkè-Ìgbín

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án yìí. Ẹ jẹ́ n rọ́ ọ kó tó sá mọ́ mi lójú."

Bí Ìbídùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnu sì ya àwọn ará ilé, torí ọmọ náà kì í sábà sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá-ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa gbọ́ ìtàn Òkè-Ìgbín, àdúgbò tí wọ́n bí i sí lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Gbígbọ́ ni tirẹ̀, sísọ kọ́.

Lójú àlá, ó bá ara rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà ní oríta, níbi tí àwọn bẹ́ńṣì àdúgbò wà. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá kọ́lé sí Òkè-Ìgbín kò gbọdọ̀ kó wọ inú rẹ̀ àfi tó bá fi pákó tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ kan bẹ́ńṣì kan síbẹ̀, kí àwọn tó bá nílẹ̀ lè bá a jókòó. Bẹ́ńṣì Adéṣọkàn télọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé, ló dàgbà jù. Bẹ́ńṣì náà ló wúkọ́ tó ní, "Ìbídùn, dìde. Wọ́n ti ń jẹ wá lókè lọ́hùn-ún."

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i, bó ti yẹ kéèyàn kí àgbà, kó tó gbójú sókè. Ọ́fíìsì ìjọba kan léfòó sórí ilé Nọ́ọ̀sì Olúrẹ̀mí, tòun ti tábìlì àti fáìlì. Okùn kànga ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ìbídùn gun okùn náà bí ẹní gun àtẹ̀gùn. Àwọn bẹ́ńṣì tẹ̀lé e, wọ́n ń kùn pé orúnkún ń dun àwọn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì wọ kóòtù, ó de táì. Ó ní kò sóhun tó ń jẹ́ Òkè-Ìgbín mọ́. Láti òní lọ, Àgbègbè Kẹtàdínlógún ni. Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. Ìwo yọ. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti di òbúkọ, ó sì ti ya ojú ewé kan nínú ìwé tí wọ́n kọ àwọn ilé àdúgbò sí, ó jù ú sẹ́nu. Ìbídùn ṣáà rò ó pé ebi ló ń pa á. Àfi ìgbà tó bojú wolẹ̀: ilé Adéṣọkàn ti pòórá, maṣíìnì rẹ̀ nìkan ló kù tó ń rán afẹ́fẹ́.

"Ilé tí ẹ bá lè sọ bó ṣe débí," òbúkọ wí, ó ń jẹ lọ, "n kò ní gbé e mì."

Àwọn bẹ́ńṣì wo ara wọn. Wọ́n ní ìdí àwọn tó jókòó lé àwọn nìkan ni àwọn mọ̀. Ni bẹ́ńṣì Nọ́ọ̀sì bá kọjú sí Ìbídùn: "Ìwọ tí ò ń gbọ́ ìtàn láti kékeré ńkọ́? Àbí etí lásán lo gbé dání?"

Kí Ìbídùn tó la ẹnu, òbúkọ tún ya ojú ewé kan. Ilé mìíràn tún lọ.

"Igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ní ọjọ́ tí Adéṣọkàn ṣán ilẹ̀ rẹ̀, agbọ̀n ìgbín mẹ́ta ló kó níbẹ̀, òun àti àwọn bíríkìlà sì sè é jẹ, ni wọ́n ṣe sọ ibẹ̀ ní Òkè-Ìgbín. Ó sọ ti kànga Nọ́ọ̀sì, tí kì í ní àgádágodo. Ó sọ bó ṣe jẹ́ pé ibi tí òjò bá ká ọmọ mọ́, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun alẹ́. Bó ti ń sọ ọ́ ni ilé ń hù padà bí olú. Ó kù díẹ̀ kí inú rẹ̀ dùn, ló bá rí bàbá-ìyá rẹ̀, tó ti kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó dúró sórí ilẹ̀ òfìfo pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," bàbá ní, "o fo ilé tiwa."

Ó la ẹnu láti dáhùn, oorun sì dá. Ẹnìkan ń kan géètì. Ọkùnrin kan ni, ó fi ìwé há abíyá, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ní àwọn ń ka ilé, kí ni wọ́n ń pe àdúgbò yìí? Lọ́jọ́ mìíràn, Ìbídùn ì bá sá wọlé lọ pe ìyá rẹ̀.

"Òkè-Ìgbín ni, sà," ó ní. "Ilé wa, tí bàbá-ìyá mi kọ́, ni ẹ̀kẹta. Ẹ wá ibì kan jókòó sí."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi jáde síta, àgbàdo ọkùnrin náà ti tán pátápátá, ó ṣì ń kọ ohun tí Ìbídùn ń sọ sílẹ̀.