Alùpùpù Tí Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ń Yí Jíà Rẹ̀

Ọjọ́ tí Ikrimah fẹ́rẹ̀ẹ́ fi alùpùpù àtijọ́ kan wó tábìlì obìnrin tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo bí ẹ̀kọ, ni Láwàlì gbà pé alùpùpù náà ju agbára àwọn lọ.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n ti fi ń tún un ṣe. Láwàlì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai, nílùú Accra. Inú ọgbà ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń wó ní Kokomlemle ló ti rí i: BSA Bantam kékeré kan láti ìlú Òyìnbó, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣá, ewúrẹ́ ló ń sùn tì í. Ikrimah tó jẹ́ fítà rẹ̀, ìyẹn mẹkáníìkì, tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ wáyà. Ó ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, bí àwọn apẹja ṣe ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà jí, èéfín búlúù bo gbogbo ìsọ̀.

Ikrimah gùn ún jáde. Ó fẹ́ dúró, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, bó ṣe máa ń ṣe lórí gbogbo alùpùpù tó ti gùn rí. Kì í ṣe bíréèkì ló wà níbẹ̀, jíà ni. Alùpùpù yí jíà, ó ń bá eré lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àpò yanrìn tó kọ́kọ́ kọlù, kẹ́ńkè ìyá oníyàá ì bá ti di ẹrẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Láwàlì sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn àjò kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn tó ní alùpùpù àtijọ́ fẹ́ gùn ún láti Accra lọ sí orí òkè Aburi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fáòsíà, gbé wáakyé, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wá fún un. Nima ni Fáòsíà ti ń ta ọṣẹ, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ó dé ẹnu ìsọ̀, ó rí alùpùpù, ó sì gbàgbé láti kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gùn ún. Wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ rú. Jíà wà lọ́tùn-ún, bíréèkì wà lósì."

"Wọn ò da nǹkan kan rú. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn."

Ó gbé abọ́ oúnjẹ lé Ikrimah lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ẹnu epo, ó tẹ ìdérí kékeré kan lára kábúrétọ̀ títí pẹtiróòlù fi rin ín níka. Ó wá fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Láwàlì ń wò ó bí ẹni rí àlejò. "Àǹtí, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Bàbá ní irú rẹ̀ ní Ọ̀fà kí wọ́n tó bí ọ. Igi wó lù wọ́n lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọn ò lè yí jíà mọ́. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ọjà Àjàṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ obì lé itan. Ìgbà tí a ń bọ̀ ní Accra ni wọ́n tà á."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ìwọ náà ò bi mí rí."

Ikrimah ló kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. "Hájíà, ṣé ẹ máa ráyè gùn ún lọ sí Aburi lọ́jọ́ Àìkú?"

Ó ráyè. Ó wọ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ sábẹ́ bùbá, ó ki híjáàbù bọ inú àṣíborí, Láwàlì sì gun ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n alùpùpù ló jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn tóbi bí akọ màlúù. Ti Fáòsíà fúyẹ́ bíi kẹ̀kẹ́. Bó bá fi ara yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti yí kọ́nà. Jíà mẹ́ta péré ló ní, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Madina tó bọ́ sí ìkẹta, ohùn ẹ́ńjìnnì náà dán, ó ń kọrin ṣáá láìdákẹ́, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bùbá rẹ̀ bí ìgbòkun. Fáòsíà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àṣíborí. Láwàlì ń gbọ́ ọ.

Òkè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ayi Mensah. Orin náà lọ sílẹ̀. Fáòsíà bọ́ sí jíà kejì, lẹ́yìn náà sí ìkíní, eré wọn ò sì ju ti ẹni tó ń rìn lọ mọ́.

"Láwàlì, sọ̀kalẹ̀."

"Níbí, Àǹtí? Lójú òkè?"

"Trotro ń bọ̀ lẹ́yìn. Sọ̀kalẹ̀, ọmọ ìyá mi, o wúwo."

Kò tíì dúró dáadáa tí alùpùpù fi fò lọ. Láwàlì wọ trotro tó kàn, bọ́ọ̀sì kékeré akérò. Níbi kọ́nà kejì, wọ́n bá Fáòsíà: ó tẹ̀ síwájú, ó gbá ọwọ́ epo mú ṣinṣin, èéfín búlúù ń tẹ̀ lé e. Àwọn èrò yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," Láwàlì ń sọ fún gbogbo wọn ní èdè Twi, "ẹ̀gbọ́n mi ni." Ojú rẹ̀ kún fún omijé, kò sì bìkítà.

Nígbà tó fi bọ́ sílẹ̀ ní Aburi, Fáòsíà ti débẹ̀, ó jókòó lórí alùpùpù níbi táwọn yòókù péjọ sí, oríṣiríṣi ènìyàn yí i ká, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè. Ó rí Láwàlì, ó na ìka sí iwájú.

"Ọ̀nà yìí, ṣé ibí ló parí sí?"

"Rárá, Àǹtí. Ó lọ sí Mampong."

"Ṣé òkè wà níbẹ̀?"

"Ó wà, àmọ́ kò le tó èyí tí ẹ gùn tán."

"Gun ẹ̀yìn nígbà náà," ó ní, ó sì fi ẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì.