Ínhélà Inú Àwòrán

"Tún fi hàn mí," ni aránṣọ wí.

Oníbéèrè gbé káàdì tí àwòrán ọjà wà lórí rẹ̀ sókè. Ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà tí wọn kò tíì ṣe yóò tà, wọ́n lè ka àlàyé rẹ̀ lásán fún èèyàn, wọ́n sì lè to àwòrán méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó yàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní àwòrán ẹyọ kan ṣoṣo ni kó fi hàn, tí wọ́n yà sórí àtẹ oníkẹ́mísì, bí ẹni pé ọjà ti dé.

"Má sọ pé kò tíì sí o," ni ọ̀gá kìlọ̀. "Ẹni tó bá mọ̀ pé àlá ni, ìdáhùn àlá ni yóò fún ọ."

Ínhélà kékeré ni, èyí tí àwọn oníkọ́ fée ń fà sẹ́nu kí wọ́n lè mí, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ ju ti èyí tó wà lọ́jà lọ. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọbìnrin aránṣọ tẹ̀ síwájú lórí ẹní, àyà rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ṣé ẹ ó rà á, mà?"

"Ìwọ náà! Wọ́n ń bi ẹni tí ebi ń pa bóyá yóò jẹun?" Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Olówó gọbọi tó wà lọ́jà yẹn ni mo fẹ́ lọ rà fún ọmọ mi lónìí. Ó tán! Èyí ni màá rà. Ibo ni wọ́n ti ń tà á, àbúrò mi?"

Oníbéèrè rántí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lé nítorí ọ̀rọ̀ kan tó fi kún àlàyé orí káàdì. Ó rántí ìyá rẹ̀ nílé, tí owó iṣẹ́ yìí ń bọ́.

"Wọn ò ní kí n dáhùn ìyẹn, mà."

"Kò burú. Màá wá a."

Nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n máa ń padà lọ bi àwọn kan ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn dúró. Nígbà tí oníbéèrè padà dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n ti ká ẹní.

"Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni mo dé," ni aránṣọ wí, kò gbójú sókè. "Ojú ọ̀nà ni mo wà tí ọmọ mi fi dákẹ́ mọ́ aládùúgbò lọ́wọ́. Àbí ó ti tán kí n tó dé ni?"

Oníbéèrè kúnlẹ̀. "Kò tíì sí, ẹ̀gbọ́n mi. Àwòrán lásán ni."

Aránṣọ wo káàdì ọwọ́ oníbéèrè títí.

Ní ọ́fíìsì, oníbéèrè ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá mi orí.

"Ó mà ṣe o." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ó mú bírò. "Ó ní ṣọ́ọ̀bù mélòó lòun wá a dé?"