Ṣọ́ọ̀bù Lìádì Wà Nínú Omi

Ọdún mẹ́rin ni èmi àti Lìádì kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ra géèmù ìlú kíkọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Lìádì, tó ń ta géèmù kíráàkì, èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nínú fíláàṣì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Paparanda láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tó ṣe é, fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ẹ wo Alfred tó ń ra afẹ́fẹ́."

Mi ò gbàgbé. Nínú géèmù náà ni mo ti kọ́ Lọ́kọ́jà wa: odò méjèèjì, Gadumo tí mò ń gbé, ọ̀nà Ganaja. Ọdọọdún ni omi ń bo ọ̀nà yẹn. Mo fẹ́ mọ ibi tí omi máa gbà bí a bá gbẹ́ kòtò ńlá sẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbẹ́ kòtò náà tán, ó ku kí n da òjò sílẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ra géèmù náà ní òun kò dá mi mọ̀ mọ́. Wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sórí láìnì fóònù mi àtijọ́, èyí tó ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ̀wé sí wọn. Èsì kan náà ni: fi kóòdù sí i.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí Paparanda.

Lìádì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Wọ́n kọ 'rà' síbẹ̀. 'Yá' ló yẹ kí wọ́n kọ."

"Mo rà á."

"O rà á, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ìlú rẹ ṣì wà nínú ẹ̀rọ yìí. Ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n tì."

Ó fi géèmù kíráàkì sí i. Kò pẹ́, Lọ́kọ́jà mi yọ. Lìádì ń fi ìka tọ ọ̀nà lọ.

"Gadumo rèé. Paparanda rèé. Ṣọ́ọ̀bù mi dà?"

Títí ó fi bèèrè, mo ti gbàgbé ibi tí mo fi ìbínú kọ́ ọ sí. Mo fi ìka hàn án: àárín odò, níbi tó jìn jù.

Ó wò ó títí. "O tiẹ̀ kùn ún ní àwọ̀ ewé."

"Kó lè jọ tìrẹ ni."

"Da òjò sílẹ̀ ná."

Òjò rọ̀. Omi wọ́ dé etí ọ̀nà Ganaja, ó dúró díẹ̀, ó yà sínú kòtò. Àwa méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kanra. Ọ̀nà gbẹ.

"Alfred, gbé mi jáde nínú omi."

"Mò ń rò ó," ni mo wí, mo sì da òjò mìíràn sílẹ̀.