Òdo Iwájú

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mò ń jowú Kai-lin. Kì í ṣe owú kékeré o. Tó bá rẹ́rìn-ín, inú á máa bí mi. Tí Ọ̀gá Tu bá pe orúkọ rẹ̀, oúnjẹ á korò lẹ́nu mi.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ kóòdù ní ọ́fíìsì wa nílùú Tainan. Ètò tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń béèrè àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú wọn, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́, oṣù méje gbáko. Kai-lin dé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ní kí wọ́n fún òun ní àpèjúwe sáfà náà, ìyẹn fáìlì tó sọ ohun tí sáfà ń gbà àti ohun tó ń dá padà. Ó gbé e fún irinṣẹ́ kan tó ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀. Kí n tó mu tíì mi tán, ètò tuntun ti jáde.

"Àǹtí Hsiu, ẹ wá wò ó!" ló ń pariwo. "Ó ti parí!"

"O káre," ni mo dáhùn.

Ọ̀gá Tu pàtẹ́wọ́. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá ti fi ètò náà han Dókítà Yen, aṣojú àwọn ilé ìwòsàn, tán, òun á dárúkọ ẹni tó máa jẹ́ olórí ẹ̀ka wa. Ipò tí mo ti ń retí látìgbà tí Kai-lin ṣì wà nílé ìwé nìyẹn o!

Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, mò ń wá àléébù. Mo sì rí i. Ọdún orílẹ̀-èdè wa, tí ìkíní rẹ̀ jẹ́ 1912, la fi ń kọ ọjọ́ ìbí. A máa ń so ọdún, oṣù àti ọjọ́ pọ̀ láìsí àlàfo, ọdún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta: ọmọ tí wọ́n bí ní 108 kò ní wàhálà, àmọ́ arúgbó tí wọ́n bí ní 38, 038 la ń kọ. Irinṣẹ́ Kai-lin ka gbogbo rẹ̀ sí iye, bíi nọ́ńbà tí à ń fi ṣírò, ó sì gé òdo iwájú dànù, nọ́ńbà oṣù wá wọnú ọdún. Ètò tèmi máa ń dá òdo náà padà. Àwọn ọmọdé nìkan ni Kai-lin fi dán tirẹ̀ wò, kò sì mọ̀.

Ó yẹ kí n sọ. Mi ò sọ. Mo ní kó bà jẹ́ níwájú gbogbo wọn, kí n wá dìde tún un ṣe, kí Ọ̀gá mọ ẹni tó níṣẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Dókítà Yen, bàbá arúgbó aláwàdà, ní, "Ẹ fi tèmi sí i. Ọdún 38, oṣù kọkànlá, ọjọ́ karùn-ún."

Kai-lin tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà: ọdún 381.

"Háà! Wọn ò tíì bí mi!" Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ta wá ni ìyàwó mi ń bá jà nílé?"

Ọ̀gá Tu ò rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Kai-lin. Inú mi dùn ṣìnkìn, mo dìde.

"Irinṣẹ́ yẹn ló gé òdo iwájú," ni mo wí. "Kò ṣeé gbọ́kàn lé."

"Irinṣẹ́ kì í dédé gé nǹkan," Ọ̀gá fèsì. "Ohun tó bá bá nínú àpèjúwe ló ń ṣe. Kai-lin, ṣí i. Ta ló kọ ọ́?"

Kai-lin ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí. Orúkọ tó wà lókè fáìlì náà ni Hsiu-chin, ọdún 103. Èmi! Èmi ni mo kọ "iye" síbi tó yẹ kí n kọ "ọ̀rọ̀" kí òdo má bàa sọnù, tí mo wá ń fi ètò tèmi bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, tí mo sì gbàgbé pátápátá.

Kai-lin náà rí i. Ó wojú mi, ó sì yí fáìlì náà sísàlẹ̀ kíá.

"Kò sórúkọ ńbẹ̀, Ọ̀gá," ó ní. "Ẹ̀bi mi ni. Ọmọdé nìkan ni mo fi dán an wò." Ó pa "iye" rẹ́, ó kọ "ọ̀rọ̀", ó tún gbé e fún irinṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Dókítà Yen fi padà sí 38.

Òun ni wọ́n fi ṣe olórí. Ó tọ́ sí i, kò sì dùn mọ́ mi.

Nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán, mo bi í pé, "Kí ló dé tó o fi bò mí láṣìírí?"

"Àǹtí Hsiu, ẹ jẹun jàre." Ó mú ẹyin inú abọ́ rẹ̀, ó fi sínú tèmi. "Tí mo bá tún ṣàṣìṣe, ta ló máa sọ fún mi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?"

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀ nípa òdo yẹn. Mo la ẹnu láti sọ ọ́ fún un, mo sì fi ẹyin náà dí ẹnu ọ̀hún.