Àga Bàbá Bímpé

Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ Bímpé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Ìsàn-Èkìtì, ṣòkòtò tuntun tí mo wọ̀ fún mi pinpin débi pé mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Ìka ni mo fi kan ilẹ̀.

Inú bí Bàbá. “Ṣé ìka ni wọ́n fi ń kí àna ní ulé yín? Jókòó, mu omi, kó o máa lọ. Mi ò lọ́mọ fún ọ!”

Àga igi arère tó nawọ́ sí, kòkòrò ajẹgi ti lu ú níhò ju asẹ́ gààrì lọ. Ìyẹ̀fun tó dà sábẹ́ rẹ̀ tó ro ọkà fún gbogbo Ìsàn, kó ṣẹ́ kù fún ìlú Ayégbajú. Ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún àna tó ń bínú pé àga rẹ̀ ti jẹrà? Mo rọra jókòó.

Gbàgà! Ewúrẹ́ tó sùn ní ìlú Orin ta jí. Àga di èlùbọ́, ṣòkòtò mi ya, mo sì nà gbalaja síwájú Bàbá, àyà nílẹ̀, imú nílẹ̀.

Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìdọ̀bálẹ̀ rèé! Kòkòrò ti kọ́ ọ ní ohun tí ìyá rẹ kò kọ́ ọ. Bímpé, wá gbé ọkọ rẹ dìde!”

Kòkòrò ni alárinà wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ra bẹ́ẹ̀dì onígi, kẹrosíìnì ni Bímpé fi kùn ún látòkè délẹ̀. Ó ní alárinà kì í bá tọkọtaya sùn.