Kọ́là Ọrùn Bojúwẹ̀yìn

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà, Bojúwẹ̀yìn sì ni gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é. Kò sí ọjọ́ tí kò ní fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dí wọn létí: “Dígí ò tó! Yí ọrùn ẹ, bojú wẹ̀yìn kóo tó fi rìfáàsì!” Ó ti wí i títí ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bó bá fẹ́ dìde nídìí tábìlì nílé, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kó tó ti àga sẹ́yìn. Mo máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ẹ̀fẹ̀ ṣì wà láàárín wa.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọkọ mi wà nínú ọkọ̀ wa, a dúró níwájú iná pupa, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá gbá wa nídìí. Fóòmù ìbùsùn ló kó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, èmi náà ìbá sì rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé orí mi fò lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, nǹkan sì dún kẹ́ lọ́rùn mi. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Ó júwe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì òun fún wa, ó ní àwọn ló máa sanwó ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa.

Ní ọsibítù, dókítà yẹ àwa méjèèjì wò. Ó ní kí ọkọ mi máa lọ sílé kó lọ sùn, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ló fi kọ́là sí lọ́rùn, kọ́là funfun tó le, tó ń gbé àgbọ̀n ró. Ó ní iṣan kan ló há sáàárín eegun ọrùn mi, òun ló fà á tí ìka ọwọ́ ọ̀tún mi kò fi mọ ohun tó bá kàn án mọ́. Ó ní bí n kò bá tètè gba ìtọ́jú, ọwọ́ náà lè wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Owó ìtọ́jú ọ̀hún sì ju agbára wa lọ.

Télọ̀ ni mí. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo ń rán ẹ̀wù funfun oníbàárà kan, àfi bí mo ṣe rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Mo ń wá ibi tó ti ń jò kiri, láìmọ̀ pé ìka mi ni, tí abẹ́rẹ́ sì ṣì wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló gba ọ̀rọ̀ náà kan ara rẹ̀. Ó bá lọ́yà kan tẹ ìwé nígbà kan rí, ó sì gbà pé òfin ti wọ òun lára bí èéfín ṣe ń wọ aṣọ ẹni tó jókòó ti iná. Àǹtí Lọ́yà là ń pè é. Kò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni.

“Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọrùn, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni,” ó ní. “Bí ọrùn méjì bá wọ ọ́fíìsì kan pọ̀, wọ́n á ní jìbìtì la wá lù. Ẹ jẹ́ ká mú ti ọkọ rẹ síwájú. Tí wọ́n bá ti san tiẹ̀, a óò wá mú tìẹ lọ.”

“Àǹtí, kò sí ohun tó ṣe ọrùn tiwọn.”

“Ta ló rí inú ọrùn? Ṣé o ò gbọ́ pé ọkọ ni orí, aya ni ọrùn? Orí ló ń ṣáájú.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní èmi ni ọrùn, ọrùn náà ló sì ń dùn mí.”

“Má bá mi jiyàn jàre. Irú ẹjọ́ yìí ti gba ọwọ́ mi kọjá.”

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lóòótọ́, ó tẹ̀ ẹ́ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa jókòó sórí àga mi, orí tèmi sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níṣojú ẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ̀rora. “Má ké ‘yéè’,” ó ní. “Àwọn oníjìbìtì ló ń ké ‘yéè’. Dijú, mí sínú, kóo ṣe ‘hùn’. Hùn kan péré. Kí wọ́n rò pé ò ń mú un mọ́ra.” Bí ọkọ mi ṣe ń ṣe hùn ní pálọ̀, èmi ń fi ọwọ́ òsì nìkan gbé ìkòkò ní ilé ìdáná, mo ń mú tèmi mọ́ra láìsí olùkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, ọkọ mi nawọ́ sí kọ́là mi.

“Mọ́mì, yá mi. Òní nìkan.”

“Kí n wá fi kí ni gbé orí, Dádì?”

“Ṣebí o kàn máa jókòó ni. Tí wọ́n bá sanwó, ọwọ́ ẹ la kọ́kọ́ máa tọ́jú. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Mo tú u fún un. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, òun ló jẹ́ kí n tú u.

Òkè pátápátá ni ọ́fíìsì náà wà. Kò sí ohun tí ń gbéni gòkè níbẹ̀ ju àkàsọ̀ lọ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọkọ mi ń sinmi ní gbogbo igun, Àǹtí Lọ́yà ń di ìgùnpá rẹ̀ mú, èmi ló gbé báàgì àwọn méjèèjì. Ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ súwẹ́tà ló gbà wá lálejò. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń kí wa kú ìrora bí ẹni tó ṣòfò.

Kí n má purọ́, ọkọ mi ṣe bẹbẹ. Ó jókòó bí kùkùté. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn wa, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi fi ojú nìkan dáhùn. Fèrèsé kan dún gbàù, kò mira. Ó ṣe hùn kan, ó ní, “Sà, láti ọjọ́ yẹn, ohun tó bá wà níwájú mi nìkan ni mo mọ̀.” Omi fẹ́ lé sójú Àǹtí Lọ́yà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó nu ojú tó gbẹ.

Ọkùnrin náà wá kọjú sí mi. “Mọ́mì ńkọ́? Ṣé wọ́n wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Ó wà níbẹ̀,” Àǹtí Lọ́yà já a gbà. “Kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn sìn wá wá ni.”

Ẹ gbọ́ o. Kò sí ohun tó ṣe é! Ṣebí wọ́n ní wọ́n máa mú tèmi wá tó bá yá? Níbo la ti fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọrùn mi gbà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn? Mo yíjú pẹ̀lú gbogbo ara mi, mo wo ọkọ mi pé kó sọ nǹkan. Ó dijú, ó ṣe hùn. Inú bí mi débi pé bí ọwọ́ mi bá mọ nǹkan ni, ǹ bá fi báàgì náà là á lórí.

Ọkùnrin náà ní àwọn ti gbọ́, ó ní owó yóò jáde láìpẹ́. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá ẹ̀yìn ilé tí a gbé ọkọ̀ sí. Àǹtí Lọ́yà jókòó síwájú, èmi jókòó sẹ́yìn. Inú ọkọ mi dùn, ó ń súfèé. Ó tú kọ́là náà sílẹ̀ díẹ̀, ó rọ̀ sí i láyà, nítorí ooru mú. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó fi rìfáàsì.

Ìṣe tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọrùn ń dùn ún. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó yí i pátápátá bí òwìwí, ojú òun àtèmi sì ṣe mẹ́rin. “Dígí ò tó,” ó ń wí fún ara rẹ̀. Ó wá wò kọjá mi, ó sì tẹ bíréèkì gìrì.

Ọkùnrin onísúwẹ́tà ló dúró sẹ́yìn ọkọ̀ wa. Gíláàsì Àǹtí Lọ́yà tó gbàgbé sórí tábìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rọra rìn wá síwájú, ó wo ọkọ mi. “Ẹ ṣé gan-an ni, sà,” ó ní. “Bí ẹ ò bá bojú wẹ̀yìn dáadáa, ẹsẹ̀ mi ìbá ti lọ.”

Ọkọ mi ṣe hùn. Hùn náà ti pẹ́ jù.

Ọkùnrin náà na gíláàsì sí mi láti ojú fèrèsé. Mo yí gbogbo ara mi sí i bí ẹni tó ń yí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi kò mọ̀ pé òun mú nǹkan.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọrùn mi. Ó wá wo àyà ọkọ mi. “Ta ló ni kọ́là yẹn?”

“Kọ́là ẹbí ni!” Àǹtí Lọ́yà ní.

Ọkọ mi ń wò mí nínú dígí, dígí tó máa ń sọ pé kò tó. “Mọ́mì,” ó ní, “jọ̀ọ́.” Mo wò ó padà. Mo rántí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù funfun.

“Tèmi ni, sà.”

Mo na ọwọ́ òsì síwájú, mo fa kọ́là náà já lọ́rùn rẹ̀, mo fi sọ́rùn ara mi.

“Ọ̀rọ̀ owó ti bàbá ti parí nìyẹn,” ọkùnrin náà ní. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká padà sókè, ká gbọ́ ti yín. Mi ò ṣèlérí o. Àmọ́ dókítà wa máa wo ọwọ́ yẹn.”

“Ìyàwó!” Àǹtí Lọ́yà ké. “O máa fi ọkọ ẹ sílẹ̀ nínú ìtìjú?”

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní ọrùn méjì kò gbọdọ̀ wọlé pọ̀. Tiwọn ti jáde, tèmi fẹ́ wọlé.”

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀ náà. N kò tíì gùn ún jìnnà tí ọkọ mi fi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Mọ́mì! Mọ́mì, wò mí!”

Ogún ọdún ló ti fi ń kọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n bojú wẹ̀yìn. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọrùn mi kò ṣe é yí, mo sì ń gòkè lọ.