Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Táǹkì Ọ̀dà

Ìyá Ìbejì ló ń tan iná mànàmáná sí táǹkì ọ̀dà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin ìjókòó ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ló ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún.

Ọ̀dà yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á ri irin sínú rẹ̀, Ìyá Ìbejì á tan iná, ọ̀dà á sì máa wọ́ tọ irin lọ, á lẹ̀ mọ́ ọn dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé. Ibi tó bá ti bò dáadáa kò ní jẹ́ kí iná ráyè kọjá mọ́, ọ̀dà á wá forí lé ibi tó ṣì wà níhòòhò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi omi ṣan irin, wọ́n á tì í sínú ààrò kí ọ̀dà lè le. Ṣùgbọ́n bí iná yẹn bá gbé ènìyàn, ó di gbére.

Ohun kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá tó yí táǹkì ká tó máa ń pa iná bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ó ti bàjẹ́, ọ̀gá sì ní kí wọ́n fi wáyà dè é kí iṣẹ́ má baà dúró; láti ìgbà náà, bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí, iná kì í kú mọ́.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná ni ó rí àpò irinṣẹ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó lu bọ́tìnì pupa tó ń pa iná.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́!"



Ọ̀gá sáré dé. "Ìyá Ìbejì, kí ló dé? Irin ṣì wà nínú ọ̀dà!"

"Àbúrò mi wà nínú ibẹ̀!"

Ọ̀gá yà kúrò lọ́nà fún un.

Ìyá Ìbejì ṣílẹ̀kùn. Ta ni yóò lọ túfọ̀ rẹ̀ fún ìyá àwọn? Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló rí, tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tó káwọ́ mọ́ àyà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìkọ́ kan tí wọ́n fi ń gbé irin kọ́, tó já bọ́, ni ó gbọ́ tí iná kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iná ti kú?"

"Ó ti kú. Máa bọ̀."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

Ó wọlé lọ fà á jáde. Níta, ó gbá a létí, ó tún gbá a mọ́ra, ó bú sẹ́kún. "Ṣé o fẹ́ sọ mí di apànìyàn ni?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ti lọ sinmi ni."

Ọ̀gá ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Tí ẹ ò bá tú wáyà yẹn, tí ẹ ò tún ilẹ̀kùn ṣe," Ìyá Ìbejì wí, "mi ò ní fọwọ́ kan bọ́tìnì yìí mọ́ láéláé."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú píláyà, tó gé wáyà náà. Iṣẹ́ dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n lè tún ilẹ̀kùn ṣe.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wọn wojú àwọn méjèèjì. "Ṣé ẹ jà ni?"

"Rárá o, Màámi," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. Ìyá Ìbejì jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.